Ọ̀dà Pupa

Bí mo bá sọ pé pupa ló wà láti ilẹ̀, irọ́ ni. Bí mo bá dákẹ́, tí mi ò dárúkọ àwọ̀ kankan… ìyẹn náà, irọ́ ni, irọ́ tí èèyàn pa láìya ẹnu. Láti Ìlíṣàn títí wọ Ṣàgámù láàárọ̀ yìí ni mo ti ń kọ́ ọ sórí bí ọmọ iléèwé: "Èmi ni Ephraim Adébánjọ. Ìlíṣàn ni mo ti wá. Máṣíìnì mi rèé." Títí débẹ̀, ó já geere. Ibi tó kù ni ahọ́n mi ti ń lọ́.

Èèyàn kan ṣoṣo ló kù níwájú mi. Afọláyan, dírẹ́bà àtijọ́ tí wàhálà bọ́ọ̀sì ti sú. Ó ti dúró ti máṣíìnì ẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé táǹkì, ó ń rojọ́. Ohùn ẹ̀ ń dé etí mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò dé. Ọlọ́run, jẹ́ kí ìtàn ẹ̀ gùn… Rárá. Àdúrà wo nìyẹn? Jẹ́ kó parí. Mo ti ní lónìí ni mo máa ṣe é, lónìí náà ni mo máa ṣe é.

Kí n fara balẹ̀ tún òfin náà rò. Gáréèjì ọlọ́kadà ní Ijoku yìí kì í gba èèyàn bẹ́ẹ̀ yẹn. Àlejò á kọ́kọ́ bá wọn gbé èrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á máa wò ó. Tó bá di Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á tan máṣíìnì ẹ̀, á gbé ọwọ́ lé táǹkì, á sì sọ nǹkan mẹ́rin lójú gbogbo wọn: orúkọ tirẹ̀, orúkọ máṣíìnì, ẹni tó gùn ún ṣáájú ẹ̀, àti àléébù tó wà lára ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo gáréèjì á fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó parí, ó ti di ara wọn. Alága Yúnúsà ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n ń fi etí agbádá nu gíláàsì ojú wọn. "A máa ń yá ara wa ní máṣíìnì níbí o. Tí tìẹ bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wàá gun ti ẹlòmíì. Ẹnì kan kán lẹ́sẹ̀ nínú wa torí bíréèkì tí ẹni tó ni ín mọ̀ pé kò dáa, tó sì panu mọ́. Látìgbà yẹn la ti ń sọ ọ́ síta."

Òfin tó dáa ni. Tí kì í bá ṣe èmi ló kàn, ǹ bá tiẹ̀ yìn ín.

Ṣóbọ̀wálé ló kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ṣe é bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà. "Èmi ni Ṣóbọ̀wálé, ọmọ Òfin! Eléyìí ni Ìyàwó Kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ló gùn ún kó tó rí físà. Àléébù ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, tí òjò bá ti rọ̀, ó máa ń ṣe bíi pé òun ò mọ̀ mí rí." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, fèrè dún. Kí ló lè tún rọrùn jùyẹn lọ? Ọmọkùnrin yẹn kò ní nǹkan kan tó ń fi pamọ́ láyé yìí, àfi bóyá ìyàwó kìíní.

Èmi náà ti to tèmi sílẹ̀. Orúkọ máṣíìnì: Ẹbẹnésérì. Inú Pásítọ̀ á dùn. Àléébù: fèrè ẹ̀ há, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Irin kan tó ká kò bí ìka ọwọ́ sì tún wà lábẹ́ ìjókòó, lápá òsì, mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ha mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan tí mò ń fọ̀ ọ́, oṣù kan gbáko lẹ́yìn tí mo rà á ni mo tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Méjì nìyẹn, orúkọ àti àléébù. Ẹni tó gùn ún ṣáájú mi wá… "Ọwọ́ mẹkáníìkì kan ní Ìpẹ̀rú ni mo ti rà á." Òótọ́ ni! Fábíyìí ló tà á fún mi, èèyàn lè lọ bi í. Ṣùgbọ́n Fábíyìí kò gùn ún. Wọn ò bi mí pé ta ló tà á. Ẹni tó gùn ún ni wọ́n ń bi mí.

Ojú mi kò fẹ́ wo òpó yẹn, ó sì ń wò ó.

Òpó àtíbàbà, lẹ́yìn orí Alága. Àwòrán tí wọ́n kàn mọ́ ọn ti ń pọ́n létí. Ọkùnrin kan dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìgbẹ́sẹ̀lé máṣíìnì búlúù. Akínkúnmi. Ọmọ gáréèjì yìí ni. Júùnù tó kọjá, nínú òjò, ọ́ọ̀lì tí típà kan dà sójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ ló gbé e ṣubú ní kọ́nà, kò sì dìde. Nǹkan kan ò ṣe máṣíìnì, àfi ìgbẹ́sẹ̀lé tó tẹ̀ díẹ̀. Ó ṣì tẹ̀ díẹ̀ títí di báyìí. Abẹ́ bàtà mi ló wà.

Fábíyìí kò tàn mí o. "Máṣíìnì olóògbé ni. Ará Ṣàgámù kan. Ìyàwó ẹ̀ ò fẹ́ mọ ẹni tó máa rà á, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀: kí ẹni náà kun ún, kí òun má baà pàdé ẹ̀ lójú títì." Mo ní kò burú. Kí lẹni tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún odindi ọdún méjì fẹ́ sọ? Àwọn ìwé tí mo ń tò nílé ìkàwé iléèwé fún ọdún mọ́kànlá ti rí ẹlòmíì tí yóò máa tò wọ́n, tàbí kí eruku máa tò wọ́n. Mo kun ún lẹ́yìnkùlé, Ellen ìyàwó mi ń bá mi fi ìwé ìròyìn bo iná iwájú kí ọ̀dà má ta sí i.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Ìlérí ni. Obìnrin bẹ̀ mí, mo ṣe é.

Mo kun ún lẹ́ẹ̀kan, ó tó bẹ́ẹ̀. Búlúù ti lọ. Mo tún kun ún lẹ́ẹ̀kejì, kó lè dán. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta… Ta ló bẹ̀ mí ní ẹ̀ẹ̀kẹta? Ọjọ́ kejì tí mo dé gáréèjì yìí ni mo rí àwòrán yẹn. Mo gun máṣíìnì padà sílé, mo fi iyanrìn ha orúkọ tó ṣì hàn fírífírí lára pẹpẹ ẹ̀yìn, Jẹ́ Kí N Délé, ọwọ́ Akínkúnmi fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, mo ha á títí irin fi yọ, mo wá kun ún. Ellen dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Bàbá Hadassah, ta lẹ ń kun eléyìí fún?" Mo ní ọ̀dà ń wọ̀ mí lójú.

Mo lè kúrò níbí. Mo lè tan máṣíìnì báyìí kí n máa lọ, wọn ò ní lé mi. Kí n wá lọ síbo? Gáréèjì méjì ni wọ́n ti dá mi padà torí mi ò lè gbé èrò lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ ìsinmi ìjọ wa. "Sátidé tí iṣẹ́ wà gan-an? Alàgbà, ẹ lọ máa sinmi yín nílé." Ẹ̀rù Sátidé yìí ló bà mí jù nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, mo ti kó ẹsẹ Bíbélì jọ bí ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́. Alága Yúnúsà ni kò tiẹ̀ jẹ́ kí n ṣí Bíbélì. "Èmi náà kì í gbé èrò lọ́sàn-án Jímọ̀. Ṣé Sátidé lo fẹ́ fi pa mí ni?" Ó tán. Ẹni tó gbà mí bẹ́ẹ̀, òun ni mo wá fẹ́ dúró síwájú ẹ̀ kí n máa dárúkọ mẹkáníìkì Ìpẹ̀rú.

Rárá o. Mi ò lọ síbì kankan, mi ò sì ní parọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí máṣíìnì yìí níbí mọ́, kí wọ́n lé mi pẹ̀lú òótọ́ lẹ́nu mi. Mo máa sọ ọ́.

Mo máa sọ ọ́… Adétóun wá ńkọ́?

Ìyẹn ni. Ìyẹn gan-an ló ń dè mí lẹ́nu, kì í ṣe ojo. Adétóun, ìyàwó Akínkúnmi. Fábíyìí ti fi í hàn mí rí lọ́jà, níbi tó ti ń to obì sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́. Bí mo bá la ẹnu níbí, kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ á ti dé etí ẹ̀ pé máṣíìnì ọkọ òun wà ní Ijoku, pé pupa ni báyìí, pé ará Ìlíṣàn kan ló ń gùn ún. Gbogbo ìgbà tó bá rí pupa lójú títì, ọkàn ẹ̀ á já. Ohun tó bẹ̀ pé kí n má ṣe nìyẹn. Ṣé mo rí i? Tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe ń dákẹ́. Àánú obìnrin ni.

Àánú… Ó dùn létí. Ó dùn jù.

Kò sì kúkú dá máṣíìnì náà mọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá fi hàn. Ó ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀, máṣíìnì méje tò sílẹ̀, kì í ṣe èmi ló kàn. Ó kọjá lára gbogbo wọn, ó wá dúró níwájú mi. Ṣóbọ̀wálé ń pariwo, "Mọ̀mí, èmi ló kàn!" Kò wò ó. "Màkún ni mò ń re, ulé ni." Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn obìnrin ṣe máa ń jókòó, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan, mo wà á bí ẹni tó gbé ẹyin. A dé Màkún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró díẹ̀. "Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ẹ rọra máa gùn ún." Ó wọlé lọ. Mo mí kanlẹ̀. Mo tilẹ̀ kọ orin nígbà tí mò ń padà bọ̀. Ọ̀dà ti ṣiṣẹ́! Ó gun máṣíìnì ọkọ ẹ̀, kò dá a mọ̀.

Kí ló dé tó fi fi máṣíìnì mẹ́fà sílẹ̀?

Torí mo dàgbà. Torí mo jọ ẹni tí kì í sáré. Àwọn ìyá máa ń yan àgbàlagbà.

Ó dúró díẹ̀ kó tó wọlé… Kí ló ń wò? Kì í ṣe èmi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìgbẹ́sẹ̀lé ni?

Dúró ná. Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́? Gbogbo èrò ló ń di nǹkan kan mú. Àwọn kan á di èjìká mi, àwọn kan á fa aṣọ mi títí bọ́tìnnì á fi já, àwọn mìíràn á fi ọwọ́ wá irin ẹ̀yìn. Adétóun ò di èjìká mi. Kò fa aṣọ mi. Apẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan. Ọwọ́ kejì… Mo wò ó nínú díńgí ní kọ́nà, èjìká ẹ̀ kan lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ. Mo rò pé obì ló wúwo. Nígbà tó sì sọ̀ kalẹ̀, abẹ́ ìjókòó lọwọ́ ẹ̀ ti jáde. Abẹ́ ìjókòó, lápá òsì.

Kò wá a. Kò bẹ̀rẹ̀ wò. Bó ṣe jókòó báyìí, ọwọ́ ẹ̀ ti lọ síbẹ̀.

Èmi tí mo ni máṣíìnì, oṣù kan ni mo fi gùn ún tí mi ò mọ̀ pé irin yẹn wà níbẹ̀. Ellen kò mọ̀ ọ́n. Kò sí lára máṣíìnì mìíràn nínú gáréèjì yìí, mo ti wò wọ́n. Ọkùnrin kan ló gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó ní kó bá òun jó irin kékeré kan mọ́ abẹ́ ibí yìí, kí ìyàwó òun lè rí nǹkan dì mú tí ọwọ́ kan bá wà lára apẹ̀rẹ̀ obì…

Ó mọ̀. Kó tó jókòó rárá ló ti mọ̀. Ó rí pupa, ó rí gbogbo ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo fi bò ó, ó kọjá lára máṣíìnì mẹ́fà, ó wá gun èyí délé.

Ta ni mo wá ń fi pamọ́ fún? Ellen ti bi mí. Adétóun tí mo fi orúkọ ẹ̀ bo ara mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi nìkan ló kù lábẹ́ ọ̀dà yìí, èmi tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n á lé mi.

Fèrè ń dún. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Afọláyan ti di ara wọn. Alága ti yíjú sí mi, àwòrán yẹn sì wà lẹ́yìn orí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Mo tan máṣíìnì, ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé ọwọ́ kan lé táǹkì. Ọwọ́ kejì lọ sábẹ́ ìjókòó, ó rí irin náà. Kò ha mí lónìí. Mo la ẹnu.

Èmi ni Ephraim Adébánjọ. Ìlíṣàn ni mo ti wá. Jẹ́ Kí N Délé lorúkọ máṣíìnì mi, búlúù ni lábẹ́ pupa yìí. Akínkúnmi tó wà lára òpó yẹn ló gùn ún ṣáájú mi. Àléébù ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, fèrè ẹ̀ há. Irin kan wà lábẹ́ ìjókòó… ìyẹn kì í ṣe àléébù. Ìyàwó Akínkúnmi ló ń dì í mú.