Ẹ̀kọ́ Tí Adájọ́ Fi Sílẹ̀

Adájọ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé, nítorí pé láti kékeré, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń jà, òun ló máa ń bá wọn dá ẹjọ́ náà. Gbogbo ilé ti gbà pé lọ́yà ni yóò dà. Ṣùgbọ́n kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin, ẹ̀kọ́ kan wà ní yunifásítì tó fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀: ọgbọ́n ìjiyàn, níbi tí wọ́n ti ń fi àmì bíi ti ìṣirò wádìí bóyá ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn lóòótọ́.

Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn yẹn ti jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà, wọ́n bá tiwọn lọ. Òun nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Bó bá gba máàkì burúkú, ilé ẹ̀kọ́ òfin lè má wojú ẹ̀. Ọ̀la sì ni àǹfààní láti jáwọ́ láìgba máàkì máa parí.

Ó pe ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ní yàrá ìfọṣọ ọsibítù. Ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo fóònù.

"Adájọ́ mi! Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Màámi. Mo kàn ní kí n kí yín ni."

"Ọmọ dáadáa! Mo ti sọ fún ọ̀gá wa pé tó bá lé mi, ìwọ lo máa gbé e lọ sí kóòtù."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó dágbére, ó pa fóònù láìdárúkọ ìdánwò.

Ló bá gba ọ́fíìsì olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà lọ. Màmá àgbàlagbà ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, tí mo bá dúró, ṣé mo lè yege?"

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Mi ò ní tàn ọ́. O lè má yege. Àmọ́ ó ti ń yé ọ bọ̀. Ta lẹ jọ ń kà á?"

"Kò sí, Mà."

Èsì tó fún wọn yẹn dun òun fúnra rẹ̀ ju máàkì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó jáwọ́. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀ títí ó fi dé yàrá rẹ̀, tí kò rí ẹni tó máa sọ fún. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣèèṣì gbé e gba ìta kíláàsì ọgbọ́n ìjiyàn náà. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Olùkọ́ béèrè ìbéèrè kan, kò sẹ́ni tó nawọ́ sókè. Ìdáhùn rẹ̀ yé Adájọ́ kedere. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń bá tirẹ̀ lọ.