Àgbò Ìyá Mọ́níyà

Kò sí ibi tí èèyàn yíjú sí nínú ilé Mánsúrù tí kò ní rí kébù táì. Okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni o, èyí tó ní eyín wẹ́wẹ́ lára, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ki ìrù rẹ̀ bọ ihò tó wà ní orí rẹ̀, iwájú nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ, kì í padà sẹ́yìn mọ́ àfi bí wọ́n bá gé e. Iṣẹ́ sólà ni Mánsúrù ń ṣe ní Challenge, wáyà ló sì yẹ kó máa fi nǹkan ọ̀hún dì. Ṣùgbọ́n ó fi di ọwọ́ kẹ́tùlù tó kán. Ó fi so bọ́ńpà mọ́ ọkọ̀, ó fi di ìgbálẹ̀, ó fi de bàtà Ikhlas ọmọ wọn nígbà tí okùn rẹ̀ já. Lọ́jọ́ tí Bàdírátù, ìyàwó rẹ̀, rí i tó fi kébù táì de ṣòkòtò mọ́ ìdí dípò bẹ́líìtì, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní, "Bàbá Ikhlas, ṣé ojú ò tiẹ̀ ń tì yín ni?"

Ojú kò tì í. Ìtàn ló tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní òyìnbó kan ní Amẹ́ríkà ló lọ wo ibi tí wọ́n ti ń to wáyà sínú bàálù, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, tó bá wọn tí wọ́n ń fi okùn tí wọ́n fi ìda pa ta kókó mọ́ wáyà, tí okùn náà sì ń bó àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Àánú ọwọ́ wọn ṣe é, ló bá jókòó ro ohun tí kò ní máa gé èèyàn lára. "Àánú ló bí kébù táì!" Mánsúrù á nà án sókè bí ẹni na góòlù. "Wọ́n ń fi de wáyà bàálù, ọlọ́pàá òyìnbó ń fi de ọ̀daràn, èmi náà ń fi tún ilé mi ṣe." Bàdírátù á yọ ṣùtì sí i, á bọ́ sí ilé ìdáná, kẹ́tùlù oníkébù táì ni yóò sì tún gbé ka iná.

Ó ti mọ́ Bàdírátù lára. Ohun tí kò mọ́ra, tí kò sì lè mọ́ra láéláé, ni ohun tí okùn yẹn ṣe fún àgbò ìyá rẹ̀.

Mọ́níyà ni ìyá rẹ̀, Àbẹ̀ḿbí, ń gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti délé ọkọ, orúkọ ọkọ ni wọ́n máa ń pè sórí ẹran Iléyá, ìyá kò fi orúkọ ara wọn pa ẹran rí. Lẹ́yìn tí ọkọ kú, abo àgùtàn kan bímọ sí àgbàlá wọn, ó sì kú lórí ìbí. Ìyá mú ọmọ rẹ̀, wọ́n fi fídà ọmọ tuntun bọ́ ọ, wọ́n ń gbé e sùn sí ẹ̀gbẹ́ àdògán nígbà òtútù, títí tó fi di àgbò ńlá funfun tó ní irùngbọ̀n. Onírùngbọ̀n náà ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní, "Lọ́dún yìí, èmi Àbẹ̀ḿbí fúnra mi ni n ó fún Ọlọ́hun ní nǹkan. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi wò ni mo fẹ́ fún Un." Ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn olè a máa kó àgbò ní Mọ́níyà bí ẹni ń ṣa èso. Nítorí náà, nígbà tí Iléyá ku nǹkan bí oṣù méjì, ìyá gbé Onírùngbọ̀n wá sí ilé ọmọ wọn lẹ́yìn Ring Road, níbi tí ògiri àti géètì wà. "Àmánà tí mo fi sí ọ lọ́wọ́ ni o, Bàdí," ni wọ́n wí kí wọ́n tó padà.

Àgbò funfun pọ̀ nínú ọgbà náà. Kabir tó ń gbé iwájú ra méjì, onílé náà ní tirẹ̀. Ní èṣí, ẹnì kan ti ṣèèṣì pa àgbò ẹlòmíràn nínú ọgbà yẹn, ìjà rẹ̀ kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di bí a ti ń wí yìí. Ìdí nìyẹn tí oníkálukú fi sàmì sí tirẹ̀. Kabir fi ọ̀dà kun ìwo, onílé so aṣọ pupa mọ́ ọrùn. Mánsúrù fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òjò á fọ ọ̀dà, ẹran á sì jẹ aṣọ. Ó mú kébù táì dúdú kan nínú àpò, ó fi yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Onírùngbọ̀n ká lókè pátákò, ó fà á, kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀, títí tí kò fi lè yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó wá gé ìrù rẹ̀ dànù. "Ẹni tó bá lè tú èyí kó wá tú u."

Bàdírátù dúró níbẹ̀. Ó rí i. Òun náà sì gbà pé ọgbọ́n ni. Kò sí ẹni nínú wọn tó ronú pé àgbò náà ṣì ń dàgbà.

Òórùn àgbò kì í bá Bàdírátù lára mu. Bó bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, á fi etí híjáàbù bo imú, á dúró lókèèrè, á ju èèpo iṣu sí i, á sì yára wọlé. Nígbà tí òórùn ọgbà yí padà, tó dà bíi ti ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú ike, Mánsúrù ní gọ́tà ni. Eṣinṣin ń hó. Mánsúrù ní àsìkò òjò ni. Onírùngbọ̀n kì í dìde mọ́ bí ó bá rí èèyàn, Mánsúrù ní ó ti sanra jù ni, ara ló ń wúwo fún un. Bàdírátù di imú rẹ̀ le sí i.

Ọjọ́ Àráfà ló dé, ọ̀la ni Iléyá, ìyá sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bàdírátù po omi ọṣẹ láti fọ àgbò, kí ìyá má bàa bá a nínú ẹ̀gbin. Ìgbà yẹn ló tó sún mọ́ ọn dáadáa. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ náà rọ̀ wọ̀jọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wú bí iṣu, ẹran ara sì ti bo okùn mọ́lẹ̀ pátápátá. Ibi tí okùn gbà wọlé ti lanu yí ẹsẹ̀ ká, ó pọ́n, ó ń ṣọyún, ìdin funfun sì ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Bàdírátù ju ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, ó sáré dé ìdí ògiri, ó bì gbogbo ohun tó jẹ.

Mánsúrù gbé kọ́tà tó fi ń gé wáyà wá. Ó wá okùn náà títí kó tó rí i nínú ẹran ara. Nígbà tó gé e, tó sì fà á yọ, irun àti ọyún tẹ̀ lé e jáde. Onírùngbọ̀n kò tilẹ̀ ké mọ́, ó kàn ń mí. Mánsúrù gbé kébù táì náà sókè, ó fi omi ṣàn án, ó wò ó.

Ó ní, "Ẹ tiẹ̀ wo nǹkan. Kò bàjẹ́ rárá! Ojúlówó ni o."

Bàdírátù wò ó, ó rò ó pé ṣé ọkùnrin yìí náà lòun ń bá sùn. Ó ní, "Ẹran tó ń tiro, ẹ mọ̀ pé kò ṣeé pa fún Iléyá. Kí ni a ó wí fún Màámi?"

"A ò ní wí nǹkan kan." Mánsúrù wọlé, ó gbé abọ́ làálì tí Bàdírátù pò fún ọwọ́ ara rẹ̀ àti ti Ikhlas, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kun ẹsẹ̀ àgbò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kùn, ó kùn ún nípọn. Lẹ́yìn náà ó fín lọ́fíńdà sí i. "Wọ́n á rò pé a ṣe é lóge ni. Bí wọ́n bá ti dú u tán, ta ni yóò máa wo ẹsẹ̀? Ọkàn ni Ọlọ́hun ń wò, kì í wo pátákò."

Òórùn ọgbẹ́ pa pọ̀ mọ́ ti lọ́fíńdà, ó wá burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ rẹ̀ ló ń rí Bàdírátù lára jù. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ojú ìyá rẹ̀, ó wọlé lọ fọ ọwọ́.

Ìyá dé nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n gbààwẹ̀ Àráfà, ètè wọn gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà níbẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ funfun tuntun. Kí wọ́n tó jókòó, ọ̀dọ̀ ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. "Onírùngbọ̀n mi!" Àgbò gbọ́ ohùn wọn, ó ké, ó gbìyànjú láti dìde, ó tún wó lulẹ̀. Ìyá kò fura. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Háà, ẹ tún lé e ní làálì! Ẹ ṣe é bí ìyàwó tuntun!" Wọ́n kúnlẹ̀ sórí kọnkéré níbẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní kí Ọlọ́hun bá àwọn kẹ́ Mánsúrù bó ṣe bá àwọn kẹ́ ohun àmánà yìí.

"Àmín," ni Mánsúrù wí. Ó ní àmín!

Bàdírátù di ìyá rẹ̀ lápá mú. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má ṣàdúrà fún wa." Ó fa àgbò dìde. Onírùngbọ̀n dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó gbé ìkẹrin sókè, ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n.

Ìyá wo ẹsẹ̀ náà. Wọ́n bọ́ ìborùn funfun orí wọn, wọ́n fi nu làálì kúrò lára ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n náà, díẹ̀díẹ̀, títí tí ọgbẹ́ fi yọjú. Wọn ò di imú. Wọ́n tẹ orí wọn sún mọ́ ọn bí ẹni ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Kí lẹ fi dè é?"

Mánsúrù ń wo ilẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. A ò fẹ́ kó sọnù ni."

"Kò kúkú sọnù," ni ìyá wí.

Mánsúrù ní òun á lọ ra òmíràn ní Bódìjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá mi orí. Wọ́n ní òmíràn ti Mánsúrù ni yóò jẹ́, kì í ṣe èyí tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn wò. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ ńkọ́, Bàdí? O ò gbóòórùn rẹ̀ ni?"

"Mo gbọ́ ọ, Màámi," ni Bàdírátù wí. "Imú ni mò ń dì."

Ìyá kò bú u. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n ní kí oníkẹ̀kẹ́ tó gbé wọn wá, tó ṣì dúró lẹ́nu géètì, yí padà, wọ́n di orí àgbò mú, wọ́n sì ní, "Wá gbé ìdí rẹ̀. Ibi tó ń rùn yẹn ni kí o gbé." Bàdírátù gbé e. Láti Ring Road títí dé Mọ́níyà, orí itan rẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà wà, ọyún ń kán sí i láṣọ, kò sì fi nǹkan bo imú.

Lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo àdúgbò ń ta sánsán ẹran díndín. Ìyá àti Bàdírátù ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ fọ ọgbẹ́, wọ́n ń ṣa ìdin tó kù, nígbà tí Mánsúrù wọlé. Ó wọ agbádá, ó gbé ike ọ̀dà tó ní ìdérí dání. Ẹran tí Kabir fún un ló wà nínú rẹ̀, ó ní òun fi ń bẹ̀ wọ́n ni. Ìyá dáhùn ìkíni rẹ̀, wọ́n ní ó ṣeun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìdérí náà. Kébù táì ló fi dè é mọ́ ìgbámú yíká, kí ẹran má bàa dànù lọ́nà.

"Ẹ bá wa tú u," ni ìyá wí.

Mánsúrù fọwọ́ wá àpò agbádá, kọ́tà kò sí níbẹ̀. Ó fi èékánná gbìyànjú, kò ṣí. Ó ní kí wọ́n bá òun mú ọ̀bẹ wá.

"A ò pọ́n ọ̀bẹ lọ́dún yìí," ni ìyá wí, wọ́n sì padà sídìí omi wọn.

Mánsúrù wò yíká. Ó lóṣòó sílẹ̀ nínú agbádá, ó gbé ike náà lé orúnkún, ó ki kébù táì bọnu, ó ń fi eyín gé e. Omi ẹ̀jẹ̀ ẹran ń gba etí ìdérí ṣàn sí i ní irùngbọ̀n, itọ́ ń dà sí i láyà, okùn náà kò já. Bàdírátù wò ó díẹ̀, ó gbójú kúrò, ó sì gbé ẹsẹ̀ Onírùngbọ̀n sókè kí ìyá rẹ̀ lè ríbi fọ̀ dáadáa.