Nọ́ọ̀tù Abẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Ìgbátí yẹn dún débi pé àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó dúró wò. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí Yésúfù gbá Ezekiel létí lójú gbogbo ayé, tó ní mẹkáníìkì náà kò dé nọ́ọ̀tù abẹ́ ẹ́ńjìnnì le, tí gbogbo ọ́ìlì fi dà sọ́nà, tí ẹ́ńjìnnì Hilux òun fi jóná. Láti ọjọ́ náà, kò sí awakọ̀ Mápó tó tún gbé ọkọ̀ lọ bá Ezekiel. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò ládùúgbò. Yésúfù ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, kò sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́.

Láàárọ̀ yìí, Yésúfù ń ta ọkọ̀ náà. Orúnkún rẹ̀ kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Morádéyọ̀, tó ń ra kòkó láti abúlé, wá wò ó nílé Yésúfù ní Ọ̀rányàn. Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jọ ń fà bó bá rì sínú ẹrẹ̀ ló ń wá. Èyí wù ú, ṣùgbọ́n ó ní kí mẹkáníìkì òun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, Ezekiel ni. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó kí Yésúfù. Yésúfù dáhùn bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ezekiel wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Yésúfù jókòó, ó rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré láti abẹ́ ibẹ̀, ọjà bàjẹ́. Bó bá jẹ́ òun ni Ezekiel, òun ìbá sọ ọ́.

Ezekiel jáde, ó nu ọwọ́. "Ẹ rà á, mà. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ ju ọmọ lọ."

Gàfárù, àgbà ilé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ni kò jẹ́ kó parí síbẹ̀.

"Ezekiel Ọ́ìlì-Dànù. Ṣé o ti mọ nọ́ọ̀tù dé báyìí?"

Ó fi ẹ̀rín rọ́ ìtàn náà fún Morádéyọ̀. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á wá ẹlòmíràn tí yóò bá òun wò ó, àti èyí àti gbogbo ọkọ̀ òun tó wà lọ́wọ́ Ezekiel. Ezekiel ń kó sípánà rẹ̀ sápò.

Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Yésúfù tó yà á kò rí i gbàgbé. Ó fẹ́ bínú, bó ti máa ń ṣe. Ó wá ìbínú náà títí. Àárẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀.

"Màdáámù, ẹ dúró."

Kò wo obìnrin náà, kò wo Gàfárù. Ezekiel ló wò.

"Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó o tún un ṣe tán, mo tú nọ́ọ̀tù yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́ìlì tuntun lo rọ sí i lóòótọ́. Ọwọ́ lásán ni mo fi dé e padà. Èmi ni, Ezekiel. Kì í ṣe ìwọ."