Ìlàjì Oògùn

Àdìzát, ìyá ọkọ Mùíbátù, ṣì wà láyé nígbà náà. Bàdírù ọmọ rẹ̀, ọkọ Mùíbátù, náà ń bẹ, ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìjókò, òyìnbó ṣì ń jọba. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé Mùíbátù kúrò ní agbègbè Ọ̀tà lọ sílé ìwòsàn l'Ékòó lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Ó na apá síwájú dókítà, wọ́n tún ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ikọ́ ife ni wọ́n ń wò fún un. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tí àwọn gbà lóṣù tó kọjá fi hàn pé oògùn tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ní ara àwọn mìíràn máa ń tètè jó oògùn dànù, ó jọ pé irú wọn ni Mùíbátù. Àwọn yóò sọ tirẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Inú Mùíbátù dùn. Ìlàjì ni òun ń lò, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ti ń fi ọ̀bẹ la oògùn sí méjì. Ìyá kò fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́, kí wọ́n má baà máa sá fún òun. Bó bá di ìlọ́po méjì, á kárí àwọn méjèèjì.

Àfi bí nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ ṣe ní kò ní í lọ sílé mọ́. Oṣù kan gbáko ni yóò lò lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú òun ni yóò sì ti máa gbé e mì. Mùíbátù bi í pé bó bá wá pọ̀ ju ohun tí ara fẹ́ ńkọ́.

"Ẹsẹ̀ rẹ á kú tipiri, gìrì sì lè mú ọ. Àbí o ò lò ó pé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù. Bó bá sọ ọ́, ó tú àṣírí ìyá ọkọ. Bó bá dákẹ́, òun á máa gbé májèlé mì, ìyá á sì wà nílé láìní nǹkan kan.

"Àwa méjì là ń jẹ ẹ́, Nọ́ọ̀sì," ló wí. "Ìyá ọkọ mi ni. Mi ò lè dá a jẹ lójú wọn."

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Dókítà ti ń wá ibi tí oògùn ń gbà jò, àṣé ẹnu Ìyá ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàdírù mú ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fún un ní oògùn tirẹ̀, ó sì padà sílé.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí Mùíbátù dé láti Èkó ni Ìyá jáde láyé. Bí wọ́n ṣe tú ìró rẹ̀ kí wọ́n lè wẹ̀ ẹ́, ìlàjì oògùn mọ́kànlélógún ló já bọ́ níbi tó dì wọ́n sí ní ìṣẹ́tí. Lójoojúmọ́ ló ti ń la oògùn tirẹ̀ sí méjì, tó ń fi ìlàjì ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ dè é.