Òpó Tí Lyle Fẹ́ Gé

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Lyle Haugen ti ń gbé ọkọ̀-ilé wa, ọkọ̀ ńlá téèyàn ń sùn tó sì ń dáná nínú rẹ̀, wá sí aṣálẹ̀ Arizona nígbà òtútù. Àárín ọkọ̀ tèmi àti tirẹ̀ kò ju ogójì ẹsẹ̀ bàtà lọ, a kì í sì í kí ara wa. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn lọ́dún àkọ́kọ́ pé kí ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin má fọwọ́ kan ọkọ̀ òun. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ títún ọkọ̀-ilé ṣe ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Èmi ló ń bá wí, mi ò sì gbàgbé.

Àmọ́ Ardis ìyàwó rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Òun ló wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

"Verlyn, jọ̀ọ́, dìde. Máíkírówéfù wa kú. Lyle ra tuntun, kò wọ ihò tí ti tẹ́lẹ̀ wà. Ó ti mú ayùn."

"Kí ló fẹ́ gé?"

"Òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ó ní ìdajì íǹṣì péré ló kù."

Mo ti bọ́ sílẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo mọ irú ọkọ̀ yẹn, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Òpó yẹn ni wọ́n fi gbé òrùlé dúró lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Lyle àti Ardis sì ti ta ilé wọn ní North Dakota. Bí òrùlé yẹn bá jìn, wọn kò ní ibòmíràn tí wọn yóò sùn.

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, torí láàárín àwa tó ń gbé inú ọkọ̀-ilé, a kì í wọ ọkọ̀ ẹni tí kò pè wá. Máíkírówéfù àtijọ́ wà nílẹ̀. Lyle ti fi òòlù gbá ẹsẹ̀ òpó náà kúrò láyè rẹ̀, kó lè rí ibi tí ayùn yóò gbà.

"Ta ló pè ọ́?"

"Kì í ṣe ìwọ. Gbé ayùn yẹn sílẹ̀."

"Ṣé kíláàsì kẹrin ni wọ́n ti kọ́ ẹ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi pé kéèyàn wọn ihò kó tó ra nǹkan. Férémù iwájú máíkírówéfù àtijọ́ lo wọ̀n, àbí? Férémù máa ń bo etí ihò mọ́lẹ̀, ó fẹ̀ ju ihò lọ, ọ̀gbẹ́ni."

Ardis bú sẹ́rìn-ín. Lyle kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ṣọ́ lásán ni igi yìí. Kò gbé nǹkan kan."

"Ó dáa. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè orí ẹ yẹn, ṣé ó ń tì?"

"Ó ń tì."

"Ṣí i sílẹ̀, kó o dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Mo gun àkàsọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sókè. Mo rọra gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

"Lyle! Tì í!"

Mo gbọ́ tó ń gbá a.

"Ó há."

"Tì í dáadáa, ṣé o ò jẹun ni?"

"Mo ní ó há!"

Òrùlé ti wálẹ̀ tẹ ilẹ̀kùn náà. Mo sún padà síbi àkàsọ̀. Mo ní kó gbá òpó náà padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí mo tún tẹ ibẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì báyìí, mo gbọ́ ilẹ̀kùn náà tó pa dé, pó!

Lyle jáde síta láìmú ayùn. Ó wo òrùlé, ó wo ilẹ̀.

"Kí ni ká wá ṣe?"

Ó ní "ká". Mo gbọ́ ọ, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo wọlé, mi ò sì ka ìwé kankan. Mo wọn inú ihò gan-an, mo yọ àlàfo tí afẹ́fẹ́ yóò gbà, mo yọ àyè púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn. Mo gé páálí, mo lẹ̀ ẹ́ di àpótí, mo gbé e fún Ardis.

"Dá tuntun yẹn padà fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí àpótí yìí bá bò mọ́lẹ̀ pátápátá ni kó o gbà."

Kó tó dé, Lyle fẹ́ tú máíkírówéfù àtijọ́ wò.

"Má ṣí i," mo wí. "Bó o tiẹ̀ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ tó máa pa ẹ́, Ardis á sì ní èmi ni."

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ni Ardis dé pẹ̀lú kékeré kan. Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo kan pákó sísàlẹ̀ fún máíkírówéfù náà, mo fi irin pẹlẹbẹ dè é lọ́tùn-ún lósì. Ilé tó ń rìn ni, ohun tí a kò bá dè níbẹ̀ yóò fò. Mo de òpó náà mọ́ àjà pẹ̀lú síkúrù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo ní kí Lyle wa ọkọ̀ náà gba ojú ọ̀nà olókùúta, ibi tó ń gbọn eyín. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ardis fi etí lé kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kò dún," ó wí. "Kò tiẹ̀ mì."

"Ṣé ó máa gbé wa padà dé North Dakota ní oṣù kẹrin?" Lyle bèèrè láti iwájú.

"Bó bá wù yín, ẹ wà á dé Alaska."

Ó wò mí nínú dígí. "Verlyn, àga wà níwájú níbí. Wá jókòó."

"Ibi tí mo wà yìí dára," mo wí. "Kọjú sọ́nà, kòtò ń bẹ níwájú ẹ."