Mítà Ooru àti Yàrá Màmá

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló lé ìyá mi kúrò ní McKinney, ìlú òyìnbó tí mò ń gbé, mi ò ní í purọ́: èmi ni. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, ebi ò sì pa wọ́n. Mítà kan tí mo fi ọwọ́ ara mi dè mọ́ páìpù ni mo gbọ́ tiẹ̀ ju tiwọn lọ.

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, mo mú màmá wá láti Ìsẹ́yìn ní oṣù kẹwàá, mo sì ti pinnu pé ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò máa gbé títí láé. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo jẹ́ fún wọn. Ta ni kí n tún fi wọ́n sílẹ̀ fún? Mo ra kóòtù méjì tó nípọn fún wọn nítorí òtútù. Yàrá òkè tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ni mo fún wọn. Rokibat ìyàwó mi ra aṣọ ìbora tuntun sí i, Dérìntọ́ ọmọ wa sì ya àwòrán ewúrẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ilé wa ò rí bíi ti àwọn aládùúgbò wa, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ sínú ilé wọn láti òkè àjà. Ẹni tó ta tiwa fún wa fẹ́ràn àrà. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní heat pump ló rà, tó ń mú omi gbóná, tí omi náà á sì gba inú irin pẹlẹbẹ ara ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan kọjá. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Plano, nọ́ńbà ni mo fi ń mọ nǹkan. Mo fẹ́ mọ bí ooru tí ẹ̀rọ yẹn ń mú jáde ṣe pọ̀ tó, ni mo bá ra mítà ooru.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejìlá ni mo gbé e sí i. Mo pa táàpù mẹ́ta kí omi má baà ya lù mí, mo gé páìpù, mo de mítà. Mo wá so wáyà rẹ̀ méjì tó ń wọn ooru omi: ọ̀kan mọ́ páìpù tí omi gbígbóná ń bá jáde, ọ̀kan mọ́ èyí tí omi ń bá padà. Nígbà tí mo ṣí méjì nínú àwọn táàpù náà, tí mo tan ẹ̀rọ wò, mítà ń sọ pé ilé ló ń mú ẹ̀rọ gbóná! Mo wò ó títí, orí mi fẹ́ fọ́. Wákàtí méjì kọjá kí n tó rí i pé ipò wáyà méjèèjì ni mo gbé fún ara wọn. Mo pààrọ̀ wọn, nọ́ńbà gún régé. Inú mi dùn débi pé mo pe Rokibat wá wò ó. Nínú ayọ̀ yẹn ni mo ti gbàgbé láti ṣí táàpù kẹta, èyí tó ń fún yàrá màmá lómi. Mi ò mọ̀ rárá.

Lọ́jọ́ kejì, màmá sọ̀kalẹ̀ wá.

"Wàhídì, yàrá yẹn ò móoru mọ́ o."

"Màmá, ẹ má worry. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ check ẹ̀ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ perfectly."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tún sọ ọ́. "Bá mi wò ó wò, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tóo ti ṣiṣẹ́ yẹn ni."

Mo na fóònù mi sí wọn, mo fi nọ́ńbà tí mítà ń fi ránṣẹ́ sórí rẹ̀ hàn wọ́n. "Ẹ wò ó, màmá. Mítà ò lè purọ́. Òtútù ìlú yìí ni, àgbà náà sì ti ń dé."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, àmọ́ èmi tí mi ò wọ̀ ọ́ ni mò ń ṣàlàyé. Dérìntọ́ gan-an sọ fún mi, "Daddy, Grandma's room is freezing." Mo ní kó lọ ṣe homework rẹ̀.

Màmá ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà nìyẹn: ohun tí àgbà bá sọ lẹ́ẹ̀mejì tí ọmọ ò gbọ́, kò yẹ kó tún máa tọrọ rẹ̀ bí alágbe. Wọ́n sọ kíṣìnì di yàrá wọn; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tòògbé. Mo rò pé oúnjẹ Rokibat ló ń fà wọ́n. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ tọ́jú ilé bàbá wa kí òjò má baà wó o. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí yàrá yẹn láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi sáré jáde lọ mú jákẹ́ẹ̀tì. Mo fọwọ́ kan irin ara ògiri: ó tutù bí òkúta inú odò. Mo tọ páìpù rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, mo bá táàpù ní pípa, bí mo ṣe pa á lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mítà ò purọ́ lóòótọ́. Ooru jáde bó ṣe wí. Kò kàn dé ọ̀dọ̀ ìyá mi ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo pa táàpù yàrá yín."

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é," ni wọ́n wí. "Má sunkún mọ́. Ṣé Dérìntọ́ ti jẹun?"

"Mo ti ṣí i, ó ti ń gbóná báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Màá book flight yín for October."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àwọn kóòtù méjì tóo rà fún mi yẹn," ni wọ́n wí, "mo ti fún Salimot, aládùúgbò wa níbí tó ń ta ẹja. Òun ló ń wọ̀ wọ́n wọ yàrá yìnyín tó ń kó ẹja sí. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, pé wọ́n móoru gan-an ni."