Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Òkè Bàbá Onítáyà

“Àwọn òpó yìí ò wù mí mọ́,” ni Bàbá Onítáyà wí. Ó fi orí ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí wọn. “Yọ wọ́n.”

Ọkọ ọmọ rẹ̀ gbé ojú sókè láti ibi tó kúnlẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni àwọn ará ibiṣẹ́ ń pè é, nítorí pé kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé. Níbẹ̀rẹ̀, òpó mẹ́rin ni Bàbá ní òun fẹ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Nígbà tó tún padà wá, ó ní mẹ́rin jọ ti ilé tálákà, kí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́jọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yìí, ó ti rí ilé ẹnì kan lójú ọ̀nà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ yọ síta láìsí ohun kan tó gbé e ró, ilé náà sì ti wọ̀ ọ́ lójú.

“Gbogbo wọn náà, sà?”

“Ṣé mo ní kí o ṣẹ́ ọ̀kan kù ni?”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíríkì oníke ni wọ́n, àwọn kéékèèké tí ọmọdé fi ń kọ́lé ìṣeré, tí orí ọ̀kan ń wọnú ìdí èkejì tí á sì gbá a mú. Nígbà tí òpó tán lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè náà ò mì rárá. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ó yọ fóònù jáde, ó ya fọ́tò ilé náà níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní àna tó mọṣẹ́ sàn ju àna tó lówó lọ.

“Ẹ ṣé, sà,” ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dáhùn. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun jáde.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkùnrin yìí ò ya àwòrán ilé rí láyé rẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn tó ń yà á ló ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán náà sórí ìwé ńlá, tó ń ká a, tó ń fi rọ́bà dè é fún ẹni tó ni ín. Bó bá délé, tó wẹ̀, tó jẹun, ìdí bíríkì ló ń lọ. Àwọn àgbàlagbà bíi tirẹ̀ wà káàkiri, wọ́n ń fi fọ́tò ohun tí wọ́n kọ́ ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n sì lè fi odindi ìrọ̀lẹ́ jiyàn lórí bí a ṣe ń kọ́ àtẹ̀gùn tó yípo. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ kó tó fẹ́ ẹ. Ó máa ń sọ pé ọkọ tó ń náwó lórí bíríkì ò ní ráyè náwó lórí obìnrin. Àmọ́ bí àlejò bá ti kan ilẹ̀kùn, òun ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ ti yàrá náà.

Ọjọ́ tí Bàbá yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, yàrá náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó bá ọkọ ọmọ rẹ̀, ọkùnrin tí ewú ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀, tó dojú bolẹ̀ tó ń na ọwọ́ sábẹ́ àga, tó ń wá bíríkì kan tó yí lọ síbẹ̀. Ojú tí Bàbá fi wò ó lọ́jọ́ náà, irú ojú tí èèyàn fi ń wo ọjà tí wọ́n ti fi jíbìtì tà fún un ni. Kí ọkọ tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ìyàwó ti sọ láti ẹ̀yìn pé, “Iṣẹ́ ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń fi ilé han àwọn oníbàárà nìyẹn kí wọ́n tó kọ́ ọ.”

Ojú Bàbá yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù tí ó ń san owó rẹ̀ fún onílé ló ti ta táyà títí tó fi darúgbó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́lé tán, àwọn mìíràn tiẹ̀ ti ń pààrọ̀ páànù, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni. Ó ní kí àna òun kọ́ tòun náà kí òun fi ojú rí i kí òun tó kú. Àna ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Ta ló fẹ́ sọ pé rárá?

Láti ìgbà náà ni wàhálà ti dé. Funfun ni Bàbá fẹ́ kí ilé náà jẹ́, bíríkì funfun ò sì pọ̀ lọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí tó ní wà lára ọkọ̀ ojú omi kan tó ti ń kọ́ láti ọdún tó kọjá, irú èyí tó ń gbé mọ́tò sọdá odò, tí iwájú rẹ̀ ń là sílẹ̀ bí èèyàn bá yí irin kékeré kan lẹ́yìn. Ọkọ̀ náà ò wúlò fún ohunkóhun, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá ní kí wọ́n fi yàrá kan kún ilé, ara ọkọ̀ yìí ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ń yọ bíríkì. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ti di egungun ẹja.

Nígbà tí Bàbá lọ tán lọ́jọ́ Àìkú náà, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi ìyàwó rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n máa jáwọ́ nínú irọ́ yìí. Ìyàwó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ dúró.

“Irọ́ kẹ̀? Ṣé ilé kọ́ ni ẹ̀ ń kọ́ ni?”

“Ilé ìṣeré ni.”

“Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn nígbà náà. Ẹ sọ fún bàbá mi pé ọmọ wọn fẹ́ ọkùnrin tó ń ṣeré ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n ti kúrò nílé ná.”

Inú ń bí i sí ìyàwó, sí Bàbá, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹnu ara rẹ̀ tó máa ń wúwo nígbà tó bá yẹ kó fúyẹ́. Ó padà sínú yàrá, ó rí i pé Bàbá ti gbàgbé awò ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó ti ń bọ̀ láti ibiṣẹ́, ó gba ibi tí Bàbá ti ń kọ́lé lọ láti fún un ní awò náà. Kò dé ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Ògiri ìsàlẹ̀ ti gòkè tán, wọ́n ti to pákó sórí rẹ̀ fún kọnkéré tí wọ́n fẹ́ dà. Ṣùgbọ́n pákó náà ò dúró lórí ògiri. Ó yọ síta níwájú, ó gùn ju ìdúró èèyàn lọ, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé pákó ró fún ìgbà díẹ̀ nìkan ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Bíríkìlà ń súfèé. Ó yọ fóònù tirẹ̀ jáde tayọ̀tayọ̀, ó fi fọ́tò ilé oníke hàn án, ó ní bó ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ ni àwọn náà ṣe é. Ọ̀la ni wọ́n máa da kọnkéré, tó bá ti gan, wọ́n á yọ gbogbo igi yẹn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í pé kò ha bẹ̀rù pé ó lè já. Bíríkìlà ní ẹ̀rù kí ni yóò bà á, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ ló yà á? Ó ní òpó mẹ́jọ tó yọ kúrò yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, Ọlọ́run ló rán an sí àwọn. Ó wá fi ọwọ́ júwe ibi tí àga Bàbá máa wà lókè, àti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, níbi òjìji, tí Bàbá ní àwọn ọmọ-ọmọ òun yóò ti máa ṣeré.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tún gbé ojú sókè wo pákó náà. Kò ya àwòrán rí lóòótọ́, àmọ́ ó ti gbọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń jágbe mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò tó èyí.

Ó bá Bàbá lẹ́yìn ilé, lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fún un ní awò, ó wá dán ọgbọ́n kan wò ná. Ó ní òun ti rò ó, òun rí i pé òpó ló yẹ ilé náà jù. Bàbá ní òun ti rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ò fẹ́ òpó. Ó ní òpó ni àwọn oníbàárà ń béèrè lóde báyìí. Bàbá ní òun ni oníbàárà, òun ò sì béèrè. Ó ní kọnkéré yẹn lè má gbé ara rẹ̀ ró. Bàbá wò ó tìyanutìyanu.

“Ṣebí ojú rẹ ni mo ṣe fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó mì?”

“Kò mì, sà. Bíríkì yẹn ń gbá ara wọn mú ni. Sìmẹ́ńtì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ṣe é bí o ṣe ń ṣe é fún àwọn yòókù, kó lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Kò sí àwọn yòókù, Bàbá.” Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. “Mi ò kọ́lé fún ẹnikẹ́ni rí. Èmi ni mo ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì wa. Eré ni mò ń fi bíríkì yẹn ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré yẹn lọ́la, yóò wó ni.”

Bàbá wọ awò rẹ̀, ó tún bọ́ ọ.

“Eré,” ló wí. “Ta ló sọ fún mi pé iṣẹ́ ni?”

“Èmi ni, sà.”

“Ìwọ kọ́. Etí mi ò tíì di. Ọmọ mi ló sọ ọ́.” Ó fi ọ̀pá kọ ilẹ̀. “Láti kékeré, bó bá fọ́ àwo, á kó àfọ́kù rẹ̀ wá bá mi fúnra rẹ̀. Kò purọ́ fún mi rí. Kí ló rò pé mo máa ṣe? Ṣé ó rò pé mo máa gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ ni?”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rántí ojú tó fi wo òun lọ́jọ́ tó bá òun nílẹ̀, kò lè sọ pé rárá.

Bàbá pe bíríkìlà, ó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n tú pákó iwájú yẹn. Ó bi àna rẹ̀ bóyá ọ̀gá rẹ̀ lè bá arúgbó ya ilé kékeré, èyí tí kò ní wó, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì ní òun á bá a sọ ọ́ láàárọ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó dìde, ó fẹ́ máa lọ.

“Má sọ fún ìyàwó rẹ pé mo mọ̀,” ni Bàbá wí.

“Sà?”

“Ìtìjú ló mú un sọ ọ́. Bó bá mọ̀ pé mo mọ̀, kò ní lè wo ojú mi mọ́. Mo ti dàgbà jù, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa yẹra fún mi. Sọ fún un pé mo yí ọkàn padà.”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúró síbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irọ́ kan kalẹ̀ ni, ọrùn ò tíì sinmi, wọ́n tún ti gbé òmíràn lé e lórí. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ìbá jiyàn.

“Mo ti gbọ́, sà.”

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní Bàbá ti yí ọkàn padà, wọ́n tún ń fẹ́ òpó, ọ̀gá òun ni yóò ya ilé náà fún wọn, ti orí tábìlì ti parí. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó jókòó sórí apá àga, gbogbo ojú rẹ̀ tú ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ kàn ń da ara yín láàmú lásán láti ọjọ́ yìí. Ó ti tán fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tí mo sọ, kò pa ẹnikẹ́ni lára.”

Èsì kún ẹnu ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí yóò fi jàre, lẹ́yìn gbogbo oṣù tó ti fi ń jẹ̀bi nínú ilé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wù ú í sọ dé ọ̀fun. Ó tún rí Bàbá lójú ọkàn rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, tó ń wọ awò, tó ń bọ́ ọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí tí ẹ̀rín náà fi tán lójú rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí, “kò pa ẹnikẹ́ni lára.”